Ẹni Tó Wà Lórí Àga Ògúnṣakin

Ẹni a bá lábà ni baba. Ògúnṣakin káfíntà mọ òwe yìí sórí, àmọ́ kò rò pé ó kan àga.

Ìbàdí ń dun ìyá rẹ̀, kò lè jókòó sórí àpótí mọ́. Ògúnṣakin bá ra àga onítìmùtìmù àtijọ́ kan nílé bàbá arúgbó kan tó ti kú. Apá ọ̀tún ìjókòó rẹ̀ ti rì. Ó tú ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó gé rọ́bà táyà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ó hun ún mọ́ igi, ó fà á le. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, apá ọ̀tún tún ti rì, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ibi tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Ó fi pákó gbè é lábẹ́, pákó kán.

"Ṣé o kí ẹni tí o bá níbẹ̀?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Ìyá mi, ṣé tìmùtìmù ni kí n máa kí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi gbogbo ara jókòó síbẹ̀. "Ẹni tó bá wà níbí, kó dìde!"

Eegun orúnkún méjì gún un ní itan. Ó fò dìde.

Ìyá gbé ọ̀pá sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ tìrora-tìrora. "Ẹ kú ìjókòó o, bàbá. Ẹ má bínú sí ọmọdé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún fún mi díẹ̀."

Rọ́bà dún. Apá ọ̀tún rọra wú sókè, apá òsì sì rọra rì. Ìyá jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó wá wo ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo ń dúró dè?"

Ògúnṣakin dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọwọ́ kan tí kò rí sì kàn án lẹ́yìn pẹ̀lẹ́, bí àgbà ti ń ṣe fún ọmọ tó bá kí i.