Wọ́n Dé Fìlà fún Àlàmú

Ọkùnrin kan wà tí ó ń lu agídìgbo, àpótí onírin pẹlẹbẹ tí a máa ń gbé lé itan tí a ń fi àtàǹpàkò ta. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ní Èkó. Rédíò kò dárúkọ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ní abúlé mẹ́sàn-án tó wà láàárín odò méjì ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, bí ẹnikẹ́ni bá ṣílé, bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ, bí ọmọ kan bá ń ṣe fírídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ aṣọ rírán, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí. Iṣẹ́ yìí ló fi ń jẹun, òun náà ló fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Irun rẹ̀ ti pá níwájú, orúnkún rẹ̀ kan sì ń ro ó, síbẹ̀ inú rẹ̀ máa ń dùn bí ọmọdé bí ó bá ti rí oníṣẹ́ tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà.

Ó ní bí ó ti ń ṣe tirẹ̀. Bí ẹ bá pè é sí òde, kì í dúró de ọjọ́ òde. Ọjọ́ mẹ́jọ ṣáájú ni yóò ti dé, láìgbé agídìgbo dání. Yóò jókòó sí ẹ̀yìnkùlé yín, yóò jẹ ohun tí ẹ bá ń jẹ, yóò bá yín ṣa ẹ̀wà, yóò bá yín bẹ iṣu, yóò sì máa béèrè ọ̀rọ̀. Ta ló kọ́kọ́ kọ́lé síbí? Ta ló lọ tí kò padà? Kí ni bàbá yín máa ń sọ bí inú rẹ̀ bá dùn? Ìyàwó rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òkú ilé onílé ni ọkọ òun ń bá sọ̀rọ̀ lójú oorun, pé bí òun náà bá kú, kí ó jọ̀ọ́, kí ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún òun.

Bí ọjọ́ mẹ́jọ bá pé, orin á ti jáde. Orin náà ti di ti ilé yẹn. Kò ní kọ ọ́ ní ilé mìíràn, bí ó ti wù kí ó dùn tó. Bí ẹ bá tún ṣe òde lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, yóò wá fi ohun tuntun kún un. Bí orin rẹ̀ ṣe lé ní igba nìyẹn, tí kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí gbogbo ayé mọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó ń gbé àwo orin jáde nílùú ńlá bá àwọn àna rẹ̀ ṣe òkú ní ọ̀kan nínú àwọn abúlé náà. Ó gbọ́ ohùn alágídìgbo, ó sì ní ẹ̀bùn yìí ń ṣòfò sínú igbó. Ó ní kí ó mú orin kan wá, èyí tó dùn jù, kí àwọn gbé e sórí rédíò.

Alágídìgbo kò ronú jìnnà kí ó tó mọ èyí tó dùn jù. Orin opó kan ni, tó ń yan gààrí létí odò. Akọpẹ ni ọkọ rẹ̀, Àlàmú lorúkọ rẹ̀, orí ọ̀pẹ ló ti já bọ́. Ìgbà tí wọ́n ń ṣe ìrántí ọdún kan rẹ̀ ni alágídìgbo ṣe orin náà. Ibi tó máa ń pa gbogbo ènìyàn lẹ́kún nínú rẹ̀ ni ibi tó ti ní, “Àlàmú, igbà rẹ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.” Igbà yẹn ni okùn tó fi ń gun ọ̀pẹ, opó náà kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò níbi tí ọkọ rẹ̀ fi í sí.

Kò yẹ kí ó gbé orin yẹn fún ẹnikẹ́ni, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ń súnmọ́ ọgọ́ta ọdún, ó sì fẹ́ gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú rédíò lẹ́ẹ̀kan kí ó tó kú. N kò lè bú u. Ì bá wu èmi náà.

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, ọkùnrin aláwo-orin béèrè pé ta ni Àlàmú. Ó ní ará ìlú ńlá kò mọ̀ ọ́n, kí ó fi “olólùfẹ́” sí i, kí oníkálukú lè rò pé tòun ni. Ó ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ igbà mọ́, kí ó fi fìlà rọ́pò rẹ̀. Alágídìgbo bá kọ ọ́ pé, “Olólùfẹ́, fìlà rẹ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.” Ẹnu rẹ̀ wúwo nígbà àkọ́kọ́. Nígbà tó máa di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó ti ń yọ̀ geere.

Orin náà jà lórí rédíò ní gbogbo àsìkò òjò ọdún yẹn. Àwọn awakọ̀ ń gbọ́ ọ, àwọn onígbàjámọ̀ ń gbọ́ ọ. Kò sí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan tó rántí dárúkọ ẹni tó kọ ọ́, síbẹ̀ alágídìgbo a máa lọ jókòó sí ìsọ̀ onígbàjámọ̀, òun tí kò ní irun púpọ̀ lórí, kí orin náà lè bá a níbẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn gan-an.

Ìdí gààrí ni opó náà wà nígbà tó gbọ́ ọ nínú rédíò aládùúgbò. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Gààrí jóná nínú agbada, bẹ́ẹ̀ irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí i rí. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé, “Àlàmú kò dé fìlà rí.”

Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló lọ ká abúlé mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án. Kò sí ẹni tó bá alágídìgbo jà. Wọ́n ṣì ń pè é fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá jókòó tó ń béèrè ọ̀rọ̀, ìdáhùn wọn kò gùn mọ́. Baálé ilé kan ló ṣàánú rẹ̀ tó là á mọ́lẹ̀ fún un. Ó ní, “Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ̀rù ń bà wá pé ohun tí a bá sọ fún yín, inú gáréèjì la ó ti tún gbọ́ ọ.”

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé, oníṣẹ́ kankan kò wá mọ́. Rédíò náà ti gbàgbé orin fìlà, ọkùnrin aláwo-orin sì ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó pa irun láró. Alágídìgbo jókòó sí iwájú ilé pẹ̀lú àpótí lórí itan, kò sì ní ohun kan láti kọ. Ẹ̀rù bà á, nítorí irú rẹ̀ kò ṣe é rí.

Ìyàwó rẹ̀ ló sọ fún un pé, “Bàbá Mojísọ́lá, ẹ lọ bá ìyàwó Àlàmú. Ẹ má gbé àpótí yẹn dání o.”

Ó lọ. Ó bá opó náà níbi tó ti ń bẹ gbágùúdá, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí èèpo, àgbàlagbà bíi tirẹ̀. Obìnrin náà ní kí ó dìde kí omi gbágùúdá má ba aṣọ rẹ̀ jẹ́. Kò sọ pé òun ti dárí jì í. Alágídìgbo jókòó, ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a bẹ ẹ́. Ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ kẹta. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, kò béèrè nǹkan kan, èyí sì nira fún un ju gbágùúdá bíbẹ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ, opó náà sọ̀rọ̀ láìwo ojú rẹ̀.

“Ohun kan wà tí n kò sọ fún yín nígbà yẹn. Bí ó bá ti ń sọ̀kalẹ̀ látorí ọ̀pẹ, ó máa ń súfèé, kí n lè mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ti fẹ́ kan ilẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, n kò gbọ́ ọ.” Ó ju èyí tó bẹ tán sínú abọ́. “Ẹ fi í kún un.”

Ọkùnrin náà sunkún. Lẹ́yìn náà ó fi èkù ọ̀bẹ lu etí abọ́, ó sì kọ orin náà. Ó dá orúkọ Àlàmú padà sí àyè rẹ̀, ó dá igbà padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, nígbà tó sì parí rẹ̀, ó súfèé. Àwọn tó ń kọjá lọ sódò dúró. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí oníṣẹ́ fi tún yọ lójú ọ̀nà.

Nígbà tó yá, ọkùnrin aláwo-orin ránṣẹ́ pé àwọn kan ṣì ń béèrè orin mìíràn. Alágídìgbo dá a lóhùn pé kí ẹni tó bá fẹ́ràn orin òun sọ ibi tí ilé rẹ̀ wà, òun yóò wá ní ọjọ́ mẹ́jọ ṣáájú. Aláwo-orin rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó jíṣẹ́. Ilé mẹ́ta ló dáhùn: aránṣọ kan n’Íbàdàn, nọ́ọ̀sì kan, àti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì l’Óṣogbo tí wọ́n ń ṣe ìrántí bàbá wọn. Ó lọ sí ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Títí di òní, wọ́n ṣì ń pè é, rédíò kò sì mọ orúkọ rẹ̀.

Ìwọ tí o gbé gìtá rẹ wá bá mi láàárọ̀ yìí, tí o ní kí n bá ọ wá ẹni tí yóò rà á, nítorí pé o ti kọrin fún ogún ọdún tí ayé kò mọ̀ ọ́: mo gbọ́ ọ, ó sì dùn mí. Mo fẹ́ràn rẹ, ìdí nìyẹn tí n kò fi ní bá ọ wá ẹnikẹ́ni. Fa àga yẹn súnmọ́ mi. O ti ka àwọn tí kò mọ orúkọ rẹ fún mi, o kà á pẹ́. Ó yá, dárúkọ àwọn tí ìwọ mọ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti ilé tí wọ́n ti kọ́kọ́ pè ọ́.