Ogún Ẹsẹ̀ Tí Kò Pé Ogún

Ní ìlú Òkè-Amọ̀, ẹsẹ̀ Akínpẹ̀lú ni wọ́n fi ń wọn ilé. Òun ni olórí àwọn amọlé, ó sì ti wà nípò náà fún ọgbọ̀n ọdún. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, yóò fi gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì, yóò máa tò ó bẹ́ẹ̀ lọ títí iye tó fẹ́ yóò fi pé. Bí wọ́n bá fẹ́ gé igi àjà nínú igbó, ẹsẹ̀ kan náà ni yóò tò sórí rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń tún un wọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Ta ni yóò tún ẹsẹ̀ olórí wọ̀n?

Lọ́dún kan, iná jó ilé Àwẹ̀ní, opó kan tó ń hun aṣọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ aládùúgbò ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé. Akínpẹ̀lú ní kí wọ́n bá a mọ ilé mìíràn. Ó fi ẹsẹ̀ wọn ìbú rẹ̀, ó jẹ́ ogún. Wọ́n ń tẹ amọ̀, Àwẹ̀ní ń pọnmi sí i, ògiri ń ga. Ìpele kejì ni wọ́n wà tí àáké fi bọ́ lọ́wọ́ olórí, tó gé ìka mẹ́ta lẹ́sẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Oṣù méjì ló fi wà nílé. Nígbà tó máa jáde, ògiri ti parí, òjò àkọ́rọ̀ sì ti ń ṣú. Igi àjà nìkan ló kù.

Akínpẹ̀lú tiro wọ igbó, ó to ogún ẹsẹ̀ sórí igi, wọ́n gé e. Wọ́n gbé e sórí ògiri, kò kàn. Ó ku ìgbọ̀nwọ́ kan.

"Bóyá mo ṣì í kà ni," ni ó wí. Wọ́n padà sígbó. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo wọn ló ń bá a kà á sókè: ogún géérégé. Wọ́n gbé e délé, kò kàn.

Ọ̀rọ̀ wá di rúdurùdu. Ẹnìkan ní igi ló ń sún kì. Ẹlòmíràn ní ọkọ Àwẹ̀ní tó ti kú ló ń fà á láti ọ̀run. Ìṣọ̀lá, igbákejì olórí, ń họ orí, ó ń wo ilẹ̀.

Akínpẹ̀lú rìn yí ilé náà ká. Lẹ́yìn náà ó ní, "Igi kò ṣẹ̀. Ògiri ló rìn."

"Bàbá, báwo ni ògiri ṣe ń rìn?"

"Ṣé mo jókòó tì í nígbà tí ara mi kò yá ni? Ẹ wó o!"

Ẹnìkan sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Wọ́n ní ẹsẹ̀ ni àáké bà. Àṣé orí ni."

"Wèrè ni," ni èkejì rẹ̀ dáhùn. "Ó yẹ kí wọ́n wá olórí mìíràn."

Àwẹ̀ní sọ ìkòkò omi kalẹ̀. Bí wọ́n bá wó ògiri yìí, òjò yóò dé, kò tún sí ilé fún un títí di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Ó sì mọ ohun tó fà á. Ó ti ń rí ojú ẹsẹ̀ olórí nínú amọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n wọ́n kì í ka ìka ẹni tí ìka rẹ̀ kò pé lójú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ nìyẹn.

Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, kí ẹ tó wó o, ẹ jọ̀ọ́, amọ̀ tútù rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹ to ogún ẹsẹ̀ yín sí i láti igun dé igun."

"Nítorí kí ni?"

"Kí n ṣáà fojú rí i, Bàbá."

Akínpẹ̀lú ń kùn, ó ń tò ó. Nígbà tí ogún pé, igun ògiri ṣì ku ìgbọ̀nwọ́ kan níwájú rẹ̀. "Ẹ rí i!" ni ó kígbe. "Mo ní ó rìn!"

"Bàbá, ẹ wẹ̀yìn," ni Àwẹ̀ní wí.

Ó wẹ̀yìn. Ojú ẹsẹ̀ gígùn, ojú ẹsẹ̀ kúkúrú. Gígùn, kúkúrú, títí dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó wo amọ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún wo amọ̀.

"Ìṣọ̀lá."

"Bàbá."

"O mọ̀?"

"Mo fura, Bàbá."

"O fura, o sì ń wò mí kí n wó ilé opó?"

"Ta ni yóò ka ìka yín lójú yín?"

Akínpẹ̀lú jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. "Ẹ sún mọ́ ibí. Ẹ kà á."

Gbogbo wọn fà sẹ́yìn. Ó bá kà á fúnra rẹ̀, sókè, títí dé èje. "Méje ni. Mo ti kà á, èèwọ̀ ti parí. Ẹni tó bá tún rí ohun tí n kò rí, tó sì dákẹ́, òun nìkan ni yóò tẹ amọ̀ ilé tó kàn."

Ó ní kí Ìṣọ̀lá gé oparun kan tí gígùn rẹ̀ bá ìbú ilé náà mu. Oparun yẹn ni wọ́n gbé wọ igbó, igi àjà sì kàn. Nígbà tí òjò dé, Àwẹ̀ní ti wà lábẹ́ òrùlé rẹ̀.

Láti ìgbà náà, Akínpẹ̀lú kì í pàṣẹ láìkọ́kọ́ bi àwọn atẹmọ̀ àti àwọn apọnmi. Bí àlejò bá bi í pé kí ni àgbà ń wá lẹ́nu apọnmi, yóò na ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sí i, yóò ní, "Bí kì í bá ṣe apọnmi kan ni, orúkọ mìíràn ni wọn ì bá máa pè mí." Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn ni àwọn ará Òkè-Amọ̀ ń rántí, tí wọ́n fi ń wí, tí àwa náà fi gbọ́ ọ pé: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.