Ohùn Tó Kù Létí Pápá

Kò sí ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù rí ní Ìdí-Awùsá tí ìdí rẹ̀ kò mọ bẹ́líìtì Kóòṣì Adégbẹ̀san. Orí àga kan létí pápá ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa fi ẹnu gbá bọ́ọ̀lù: "Òsì. Gbá a. Padà." Ọmọ tó bá dá ọgbọ́n tirẹ̀ yóò jẹgba. Àwọn òbí ń wò ó níran, wọ́n ń pe ìkà ní ẹ̀kọ́.

Ẹnu iṣẹ́ yìí ló kú sí lọ́jọ́ ìdíje kan. Wọ́n fi Tinúadé, ọ̀dọ́bìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé jáde, rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kó gbé àga olóògbé kúrò. "A kì í lé baba nílé rẹ̀," ni alága ẹgbẹ́ wí. "Bí àwọn ọmọ bá sì fìdí rẹmi, ẹlẹ́gba mìíràn la óò wá."

Àwọn ọmọ dọ̀bálẹ̀ fún àga náà kí wọ́n tó kí Tinúadé.

Ó ju bọ́ọ̀lù sí wọn. "Ẹ gbá a bó ṣe wù yín."

Kò sẹ́ni tó mira.

"Àǹtí," ni Akínwándé, ẹni tó kéré jù nínú wọn, wí, "ta ni yóò wá sọ fún wa?"

Ohùn kan dáhùn láti orí àga òfìfo: "Òsì." Gbogbo wọn yí sósì lẹ́ẹ̀kan náà. Tinúadé sáré wo àga náà, kò rí ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ẹ̀ ló ń rí títí di ọjọ́ ìdíje mìíràn. Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ, kò sẹ́ni tó tíì jẹ góòlù, ni bọ́ọ̀lù bọ́ sẹ́sẹ̀ Akínwándé nítòsí ibi tí Tinúadé dúró sí.

"Òsì," ni ohùn wí.

Ọmọ yí sósì, àárín alátakò mẹ́ta ló kọrí sí. Ìgbà yẹn ló yé Tinúadé: ohùn náà kò rí pápá tòní; ìdíje ọjọ́ tí Adégbẹ̀san kú ló ṣì ń darí.

Ó fẹ́ pariwo "Ọ̀tún," ó gbé e mì. Bó bá pariwo, ohùn mìíràn lòun náà dà yẹn. Ó rọra bi í: "Akínwándé, kí ni ìwọ rí?"

Ọmọ bojú wẹ̀yìn. "Àlàfo wà lẹ́yìn mi, Àǹtí."

"Ìwọ lo lẹsẹ̀."

Ó fi gìgísẹ̀ ta bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, ó yí bírí, ó gbá a wọlé.

"Padà," ni ohùn wí. Kò sẹ́ni tó padà. Àwọn ọmọ ti ya bo Akínwándé, wọ́n ń yọ̀. Ohùn ń pe òsì, ó ń pe ọ̀tún, bí afọ́jú tí wọ́n gbàgbé sínú ọjà tó ti tú.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnìkan bá fẹ́ fi ariwo tukọ̀ ọmọ ọlọ́mọ, ohun tí wọ́n máa ń wí fún un ní Ìdí-Awùsá ni pé: "Ohùn kò lójú, ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ló ríran."