Fèrèsé Tí Ẹnikẹ́ni Kò Tì

Ọba Ìdí-Ọsàn ṣòfin pé ẹni tó bá sọ pé ojú ọba kò ríran yóò fi ìlú sílẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, ó wá ránṣẹ́ pe Àyọ̀ká, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn, pé kó wá yẹ ojú òun wò níwájú àwọn ìjòyè, kó má sì purọ́. “Nọ́ọ̀sì, ṣé o ti di ẹrù ẹ?” ni Balógun fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Àyọ̀ká kúnlẹ̀, ó wo ẹyinjú ọba, ó rí i pé ti òsì ti funfun bí omi ògì, ó wá ní: “Kábíyèsí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún.” Bí ọba ti bò ó, ló bá jágbe: “Ta ló ti fèrèsé?” Oòrùn ọ̀sán ń ràn wọlé yòò, àwọn ìjòyè tẹjú mọ́lẹ̀. Àyọ̀ká dáhùn: “Ẹnikẹ́ni kò tì í, Kábíyèsí. Ẹ gbé ọwọ́ kúrò.” Ọba gbé e kúrò, ìmọ́lẹ̀ dé; ó tún bò ó, gbogbo rẹ̀ tún ṣókùnkùn. “Háà! Ojú òsì mi kò ríran!” “Kábíyèsí, ẹnu yín ló ti jáde o, kì í ṣe ẹnu tèmi.” Ọba rẹ́rìn-ín títí adé fi mì lórí rẹ̀. “Òfin ti mú mi! Ẹ gbé mọ́tò jáde. Kí oòrùn tó wọ̀, màá ti fi ìlú sílẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ojú. Àyọ̀ká, wá jókòó tì mí.”