Páìpù Inú Ọkọ̀ Akínmádé

Nínú ọkọ̀ ojú omi Akínmádé, ẹni tó bá gba iṣẹ́ kẹ́yìn ló ń pọn omi mímu sínú táǹkì. Abẹ́ pákó tí wọ́n ń sùn lé ni táǹkì náà wà. Onítọ̀hún á ṣí pákó, á sì fi àyà fà wọ abẹ́ ibẹ̀ pẹ̀lú garawa. Mọńjọ́lá tó ń dáná fún wọn ṣe é títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán.

Nígbà tí Jọláadé dé, tí iṣẹ́ náà bọ́ sí i lọ́rùn, Mọńjọ́lá kò lè yọ̀. Ó tọ ọ̀gá lọ.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká so páìpù mọ́ táǹkì yẹn, kó yọrí sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ká lè máa bu omi sí i láti èbúté."

Akínmádé rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó ti bọ́, kí ló tún kàn ọ́ níbẹ̀?"

"Gbogbo wa la jọ ń mu ún, sà. Kò yẹ kó jẹ́ ẹ̀yìn ẹnì kan ni yóò máa kán sí i."

Ó bẹ̀ ẹ́ títí wọ́n fi so ó.

Kò pẹ́ tí Jọláadé fi rí iṣẹ́ mìíràn lọ. Mọńjọ́lá tún di ẹni ìkẹyìn, pẹ̀lú oyún tó ti yọ síta. Nígbà tí omi tán, ó dúró ní èbúté, ó ń da omi sẹ́nu páìpù láìbẹ̀rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ikùn yìí ì bá ti há sábẹ́ pákó.

Akínmádé ń wò ó. "Ẹni tó bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù," ó ní. Ó gba garawa lọ́wọ́ rẹ̀. "Lọ jókòó. Èmi náà ń mu níbẹ̀."