Omi Inú Ògiri Ilé Aláró

"Omi ń sọ̀rọ̀ nínú ògiri."

"Kí ló ní?"

"Ìyáálé mi, mi ò ṣàwàdà. Ẹ gbé etí lé e."

"Etí mi ò sí fún ògiri, Àwẹ̀ró. Máa rẹ aṣọ rẹ."

Àwẹ̀ró ni ìyàwó kékeré ní ilé aláró kan tó wà lẹ́sẹ̀ òkè. Ìsun kan wà lórí òkè náà. Àwọn baba ńlá ilé ti fi oparun fa omi rẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n gbé e gba inú ògiri yàrá Ìyá Àgbà kọjá, kí omi lè máa dà sínú àwọn ìkòkò aró tó tò sábẹ́ ògiri náà níta. Ìyá Àgbà, tó bí ọkọ Àwẹ̀ró, kò lè dìde nílẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan ló mọ bí a ti í po ewé ẹ̀lú mọ́ omi eérú tí aró á fi mú aṣọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni oparun bẹ́ nínú ògiri. Omi tú jáde, ó ń fọ amọ̀ lọ.

"Ẹ gbé ìkòkò!" ni Ìyáálé ké.

"Aṣọ ni kẹ́ ẹ kó!" ni Àjàlá, àbúrò ọkọ wọn, ké. "Ta ló tiẹ̀ gún oparun yìí?"

Àwẹ̀ró gbé ìkòkò, wọ́n ní kó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó kó aṣọ, wọ́n ní aṣọ yẹn kọ́. Ó fi ìborùn rẹ̀ dí ojú omi, omi gba ibòmíràn yọ. Orí rẹ̀ dàrú.

"Ọkọ mi," ló wí fún Àjàlá, "ẹ sáré gòkè, kí ẹ yọ ẹnu oparun kúrò nínú ìsun."

"Èmi? Ṣé èmi ni Baálé ni?"

Ní ilé náà, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ohun tí àwọn baba ńlá ṣe láìjẹ́ pé Baálé kọ́kọ́ ṣàdúrà, àdúrà Baálé kì í sì í kúrú. Baálé, olórí agboolé náà, rọra dé. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀. Ó gbọ́wọ́ sókè.

"Omi kò ní gbẹ nílé yìí."

"Àṣẹ!"

"Bó ṣe ń ṣàn lónìí, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣàn."

"Àṣẹ!"

Àwẹ̀ró ti ṣe àṣẹ tán kí ohun tó ń ṣe àṣẹ sí tó yé e. Ó gbójú sókè. Ògiri ti wú bí ikùn aboyún.

"Baálé, ẹ dákun, Ìyá Àgbà wà nínú yàrá!"

"Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìyàwó. Àdúrà kò tíì kan àwọn ọmọ."

"Ẹ bá mi gbé e kàn wọ́n, mò ń bọ̀." Àwẹ̀ró dìde. Ìyáálé dì í láṣọ mú, ó já ara rẹ̀ gbà, ó wọ yàrá lọ.

"Ta nìyẹn?" ni Ìyá Àgbà béèrè.

"Èmi ni, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n pọ̀n yín."

"Ṣé wọ́n ti ṣàdúrà tán?"

"Rárá, Ìyá."

"Á jẹ́ pé ká tètè máa lọ."

Wọn kò tíì jìnnà sẹ́nu ọ̀nà tí ògiri fi wó. Ó wó lu àwọn ìkòkò, gbogbo wọn fọ́. Aró gba abẹ́ ẹsẹ̀ Baálé ṣàn lọ. Àjàlá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń sáré gòkè, kò dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́.

"Aró wa! A ti parun!" Ìyáálé jókòó sínú ẹrẹ̀, gbogbo ilé sì bú sẹ́kún. Àwẹ̀ró pẹ̀lú ń sunkún. Kò mọ̀ bóyá ìkòkò ló yẹ kí òun ti gbé.

Ìyá Àgbà gbá a léjìká. "Ta ló mọ aró pò?"

"Ẹ̀yin ni, Ìyá."

"Ṣé mo ti kú ni?"

"Ó tì o, Ìyá!"

"Nu ojú ẹ nù. Gbé mi lọ sílé aládùúgbò kí n yáná, òtútù ń mú mi."

Bí wọ́n ti ń jáde lọ, arúgbó náà bojú wẹ̀yìn láti orí ẹ̀yìn Àwẹ̀ró, ó sì sọ fún àwọn tó ń sunkún aró ohun tí àwọn àgbà fi ń ṣòwe títí dòní bí ẹ̀mí bá yọ nínú òfò, pé: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́."