Ìdí Tí Imú Ajá Fi Ń Tutù Bí Amọ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí ẹranko àti ènìyàn ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, imú ajá gbẹ, ó sì pupa bí àpáàdì. Kò sí ẹni tó fẹ́ ẹ nílé. Orí ààtàn ló ń sùn, ohun tí ènìyàn bá dànù ló ń jẹ.

Ní abúlé àwọn amọ̀kòkò kan, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Nínú gbogbo wọn, òun ló mọ ìkòkò sun jù. Ṣùgbọ́n wárápá ń ṣe é. Bí ó bá ti gbé e ṣánlẹ̀, gbogbo ènìyàn á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, wọ́n á ní itọ́ ẹnu rẹ̀ ń ràn. Irọ́ ni. Wárápá kì í ràn. Àwo kan tó ti sán ni wọ́n ń bu oúnjẹ rẹ̀ sí lẹ́yìnkùlé, kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni jẹ.

Ajá ló wá ń bá a jẹ ẹ́. Ẹni tí a bá ń bá jẹun nínú àwo kan, a ó mọ òórùn ara rẹ̀. Kò pẹ́ tí ajá fi ṣàkíyèsí pé òógùn Àwẹ̀ró máa ń yí padà kí àìsàn náà tó dé. Bí ó bá ti gbóòórùn rẹ̀, á gbó, á fi eyín fa ìró rẹ̀ títí yóò fi jókòó sílẹ̀. Àìsàn á dé, á lọ, Àwẹ̀ró á dìde láìfarapa.

Ewúrẹ́ ń jowú oúnjẹ inú àwo náà. Ó gba ọ̀dọ̀ Ìyá Àjíún, olórí àwọn amọ̀kòkò, lọ. Ó ní kí ìyá fara balẹ̀ wò ó: ajá á kọ́kọ́ gbó, lẹ́yìn náà ni Àwẹ̀ró á ṣubú.

"Ìyá, ta ló wá ń pe àìsàn náà wá?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ ìyá létí. Ó pe Àwẹ̀ró, ó ní kó yan ọ̀kan: kó lé ajá lọ, tàbí kó kúrò nídìí iná ìkòkò.

Àwẹ̀ró ronú. Iṣẹ́ yìí nìkan ni wọ́n fi ń kà á kún ènìyàn. Ajá wò ó lójú.

"Mi ò pè é o, Àwẹ̀ró. Mo kàn ń gbóòórùn rẹ̀ ni. Àkùkọ tó kọ kọ́ ló mú ilẹ̀ mọ́."

Àwẹ̀ró mọ̀ pé òótọ́ ni. Síbẹ̀ ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n sọ ajá lókò títí ó fi kọjá odò. Ewúrẹ́ sìn ín dé etí omi.

"Ọkọ Àwẹ̀ró, ó dàbọ̀ o. Bá wa kí àwọn ará inú igbó."

Nígbà tí ọjọ́ àtisun ìkòkò pé, wọ́n to ìkòkò jọ sí gbangba, wọ́n kó igi àti koríko gbígbẹ bò wọ́n, wọ́n sì ṣáná sí i. Àwẹ̀ró ń fi ọ̀pá gígùn ti igi wọlé. Kò sí ẹni tó gbó. Ibẹ̀ ni wárápá ti gbé e ṣánlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Àwọn obìnrin náà sá gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ìyá Àjíún pàápàá sá.

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ti gbé òórùn náà kọjá odò, ajá sì ti ń sáré bọ̀. Ó ki imú bọ àárín ẹyin iná, ó fi ti Àwẹ̀ró títí ó fi yí i kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí Àwẹ̀ró lajú, ó rí imú ajá tó ti jó dúdú. Ó bu amọ̀ tútù, ó fi bò ó.

"Iná ni mo yàn," ó wí.

"Mo mọ̀," ni ajá dáhùn. "Ìwọ ni èmi yàn. Inú àwo kan náà la ti ń jẹun."

Ìyá Àjíún gbọ́ ọ níbi tó sá sí. Ojú tì í. Ó padà wá, ó fọ́ àwo sísán náà mọ́lẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ó sì pe Àwẹ̀ró wá jẹun nínú àwo tirẹ̀. Ajá jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ewúrẹ́ ni wọ́n so mọ́ èèkàn.

Láti ọjọ́ náà ni imú ajá ti dúdú, tó sì ń tutù bí amọ̀ tí kò tíì gbẹ. Láti ọjọ́ náà ni ajá ti ń bá ẹni tí wárápá ń ṣe rìn, tó ń kìlọ̀ fún un kí àìsàn tó dé. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹnì kan bá ṣubú níṣojú yín, tí ẹsẹ̀ yín sì fẹ́ máa sá, ẹ rántí pé ajá kò sá.